Aró Ló Ṣá Lára Ẹ̀rọ Géèmù Wa

Ṣàpọ́n, Abẹ́òkúta.
Oṣù Kẹwàá, 1984.

Bọ̀ọ̀dá mi ọ̀wọ́n, Láwàlì,

Àsàlámù àlékúmù. Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ sì kú àárẹ̀ Itori. Mo gbàgbọ́ pé ara yín le bí tiwa níbí ṣe le. Ìyá ń kí yín. Ọwọ́ wọn ṣì dúdú fún aró, àmọ́ ara wọn dá ṣáṣá.

Ẹ ní nítorí pé àwọn oníbàárà ń dín kù, bí Ọ̀gbẹ́ni Ọláògún tó ń ta ẹ̀rọ géèmù bá gbé tuntun dé, kí n gbé ti inú ṣọ́ọ̀bù wa fún un, kí n sì fi alùpùpù yín kún un, ká fi gba tuntun náà. Ó gbé e dé lọ́jọ́ Àlàmísì. Mi ò fún un ní nǹkan kan. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ka ìwé yìí tán kí ẹ tó bínú.

Ẹ̀rọ náà rẹwà lóòótọ́. Àwọn ọkọ̀ òfuurufú tó funfun lásán lórí tiwa, pupa àti àwọ̀ ewé ni wọ́n lórí tirẹ̀. Àwọn ọmọ àdúgbò pariwo. Ìyá, tí wọn kò fọwọ́ kan géèmù rí, yọjú láti ìdí ìkòkò aró, wọ́n ní, "Sàfúrátù, ṣé wọ́n tún un rẹ ni, àbí wọ́n tún un yà?"

Ẹ mọ̀ bí a ṣe ń ṣe é nílé wa. Aṣọ tó bá ṣá, a ó tún un rẹ sínú aró. Àwọ̀ á jí, ṣùgbọ́n ọnà àtijọ́ ló wà lára rẹ̀, títí kan ibi tí ẹ̀kọ tí a fi ya ọnà ta sí níjọ́ kìíní. Tí a bá fẹ́ tún un yà, aṣọ funfun mìíràn la ó mú, a ó fi ìyẹ́ kọ ọnà náà sí i. Orúkọ á jọra, ọwọ́ ò ní jọra.

Mo bá dúró ti ẹ̀rọ náà, mo kọjú sí Ìyá, mo ń gbá géèmù láìwò ó. Ọwọ́ mi ń ṣe bó ti máa ń ṣe lórí tiwa. Ọkọ̀ kankan ò rí mi pa. Mo fi èékánná kan igun gíláàsì rẹ̀: náílọ́ọ̀nù aláwọ̀ ni wọ́n lẹ̀ mọ́ ọn, géèmù tiwa kan náà ló wà nínú rẹ̀.

Ọláògún bú sẹ́rìn-ín. "Ọmọ aláró, o fẹ́ ba ọjà mi jẹ́! Ṣé aṣọ tí wọ́n tún rẹ kì í ṣe aṣọ ni?"

Mo ní, "Aṣọ ni, sà. Àmọ́ a kì í pè é ní tuntun fún ẹni tó fẹ́ rà á."

Ó wá ní òmíràn wà nílé òun, orúkọ kan náà, tí wọ́n ṣe láti ìbẹ̀rẹ̀. Mo lọ gbá a wò. Kí n tó mí, ọkọ̀ ti pa mí. Ọwọ́ mi ò dá ibì kankan mọ̀ níbẹ̀. Èyí ni wọ́n tún yà. Bí ẹ bá fẹ́ fi alùpùpù pààrọ̀ nǹkan, òun ló tó bẹ́ẹ̀, ẹ̀yin fúnra yín ni kí ẹ sì wá wò ó.

Ní tèmi, mo ra náílọ́ọ̀nù pupa àti aláwọ̀ ewé, mo lẹ̀ wọ́n mọ́ gíláàsì tiwa. Mo sọ fún gbogbo ènìyàn pé ti àtijọ́ náà ni. Síbẹ̀ wọ́n ń tò sẹ́nu ọ̀nà. Bọ̀ọ̀dá, aṣọ wa ò tíì gbó. Aró ló ṣá.

Alùpùpù yín wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, mo ti nù ún. Ẹ wá gùn ún.

Kí Olúwa má jẹ́ kí àwọ̀ yín ṣá, kí ó sì mú yín délé láyọ̀. Àmín.

Èmi ni àbúrò yín tòótọ́,
Sàfúrátù.

Àfikún: Ìyá ti gbá géèmù náà lẹ́ẹ̀kan. Ọkọ̀ inú rẹ̀ pa wọ́n kíá. Wọ́n ní kí n bá àwọn tún àwọn ọkọ̀ náà yà, kí n ya èyí tó ní sùúrù.