Ẹ Má Jẹ́ Kí Wọ́n Pa Èjí Yẹn Dé

Ta ni Sylvester ń fi eyín yangàn fún? Ṣé èmi Mùíz, tí mò ń fi eyín ṣí ìgò mínírà ní Pápá Àjàó?

Àǹtí Ọmọ́níkẹ́, ẹ má bínú, ọmọ lánlọ́ọ̀dù wa yẹn ló ń bí mi nínú. Ẹ kú àjò o. Ẹ bá mi kí ọkọ yín àti Evelyn ọmọ yín. Ẹsẹ̀ Màmá ti san díẹ̀. Táyà tòkunbọ̀ mi ń tà. Kò sí ọlọ́táyà bíi tèmi ní Mushin.

Ẹ ní ẹ fẹ́ ra ike tí wọ́n fi ń to eyín, èyí tí kì í hàn lẹ́nu. Sylvester gbé irú ẹ̀ dé láti Amẹ́ríkà. Lánàá, ó yọ ọ́ kó tó jẹ ẹ̀bà, ó gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ abọ́ mi, itọ́ ń yọ̀ lára ẹ̀ bí ìgbín! Ó ní, "Kò sẹ́ni tó mọ̀ pé mo wọ nǹkan." Mo ní, "Eṣinṣin ti mọ̀." Ìríra gbáà! Mi ò lè jẹun mọ́.

Tó bá jẹ́ eyín ìsàlẹ̀ tó ń gé yín láhọ́n ni, ẹ tò ó. Àmọ́ kí wọ́n pa èjí òkè dé? Níbí, àwọn ọmọge ń sanwó kí wọ́n fi fáìlì la tiwọn! Màmá gbọ́, ó ní, "Èjí ìyá mi tó kú ló wà lẹ́nu Ọmọ́níkẹ́. Ṣé wọ́n fẹ́ tún un sin ni?"

Ọlọ́run á ṣọ́ yín, owó yín ò ní bá itọ́ lọ. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ya fọ́tò, ẹ rẹ́rìn-ín dáadáa, ẹ fi ránṣẹ́ sí Màmá. Ẹ má pè mí wá ṣàlàyé o. Títí fọ́tò yẹn á fi dé, mo ti pa fóònù mi.