Orúkọ Bọ̀dá Ràfíù Nínú Ìwé Kíláàsì

Ẹ kú ilé o, Màámi. Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta, ẹ sì kú ìrọ́jú. Láti Òṣíẹ̀lẹ̀ níbí, lẹ́bàá Abẹ́òkúta, ni mo ti kúnlẹ̀ kí yín. Ẹ bá mi kí Bàbá Àgbà, kí ẹ sọ fún wọn pé mò ń kírun mi lákòókò. Ẹ bá mi kí Mọ́dínà, àbúrò mi. Ẹ kí àwọn ìyá tí wọ́n ń bá yín tajà níwájú ilé ní Ṣakí, àwọn tí wọ́n ń gbé oúnjẹ wá fún wa lójoojúmọ́ títí tí a fi ṣe fídáù Bọ̀dá Ràfíù. N kò gbàgbé ẹnì kankan nínú wọn.

Ilé ẹ̀kọ́ àgbà ti jẹ́ kí ẹ mọ ìwé kà, nítorí náà, ẹ̀yin fúnra yín ni kí ẹ ka lẹ́tà yìí, kì í ṣe Mọ́dínà. Ẹ jókòó kí ẹ tó kà á. Mo gbà kí wọ́n tẹ̀ ẹ́ sínú ìwé ìròyìn àwọn akẹ́kọ̀ọ́ pẹ̀lú, torí ohun tí mo fẹ́ sọ kan ọ̀pọ̀ nínú àwa tí a wà níbí. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin ni mò ń bá sọ̀rọ̀.

Ẹ sọ lórí fóònù pé lọ́jọ́ tí a bá parí ìdánwò, ẹ̀yin àti Bàbá Kàmórù, ẹ̀gbọ́n yín, máa gbé bọ́ọ̀sì wá kó ẹrù mi, pé n kò ní padà síbí mọ́. Ẹ ní yunifásítì ti gba ọ̀kan lọ́wọ́ yín, kò ní gba èkejì. Ẹ ní láàárín èrò tó pọ̀ tó yẹn, bí ọmọ ẹni bá ṣubú, ta ló máa mọ̀? Ẹ ní kí n wá kọ́ aṣọ rírán lọ́dọ̀ Àǹtí Sáúdà. Ẹkún ò jẹ́ kí n lè dá yín lóhùn lọ́jọ́ náà. Èsì mi nìyí.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ bí ibí ṣe rí, torí ẹ kò dé ibẹ̀ rí. Bí mo bá ti kírun àárọ̀ tán ni mò ń jáde nílé. Ìyá Onílé á ti wà níta nígbà náà, wọ́n á máa fọ ẹ̀gẹ́ tí wọ́n fẹ́ fi ṣe láfún. Lọ́jọ́ Sátidé, èmi náà máa ń bá wọn sá a sórí àpáta tó wà lẹ́yìn ilé. Wọ́n máa ń fi mí ṣẹ̀fẹ̀. Wọ́n ní ọmọ tí kò lè ro láfún kí ó má ní kókó, ṣé ásíìdì ni yóò máa sè fún ọkọ ni? Wọ́n ní bí kẹ́mísírì ṣe ń sọ mí di panla yìí, bóyá kí n lọ kọ́ ẹ̀kọ́ tí ó ní ẹran lára.

Gbọ̀ngàn tí a ti ń gbẹ̀kọ́ kò gbà wá tán. Ẹni tó bá pẹ́ dé, ojú fèrèsé ló máa dúró sí, yóò kàn máa fi etí gbọ́ ohun tí kò rí lójú pátákó. Torí náà ni a ṣe ń sáré lọ gba àga sílẹ̀ ní kùtùkùtù. Àwọn kan ń fi ìwé gbà á, àwọn kan ń fi bàtà. Lọ́jọ́ kan, ọmọkùnrin kan fi bùtà tó fi ń ṣe àlùwàlá gba àga. Nígbà tó padà dé, ẹlòmíràn ti jókòó síbẹ̀, ó gbé bùtà sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó ní òun kò rí orúkọ bùtà nínú àwọn tó wọlé lọ́dún yìí. A rẹ́rìn-ín títí. Tó bá di ọ̀sán, oòrùn á kan páànù lókè, gbogbo wa á máa fi ìwé fẹ́ ara wa.

Ṣùgbọ́n Màámi, òótọ́ ni ohun tí ẹ sọ nípa èrò. Èèyàn lè wà láàárín wọn láti àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́ kí ẹnikẹ́ni má pe orúkọ rẹ̀. Nọ́ńbà ni ìwé fi mọ̀ wá. Ìdí nìyẹn tí inú mi fi dùn tó bẹ́ẹ̀ nígbà tí èmi àti Bọ̀dá Ràfíù wọlé lọ́dún kan náà, sí ẹ̀ka kan náà. Ẹ rántí bí àwọn ará àdúgbò ṣe ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́, pé ìgbà mẹ́rin ló ṣe ìdánwò àṣewọlé títí àbúrò rẹ̀ fi wá bá a lójú ọ̀nà. Ẹ̀rín ló ń rín. Ó ní òun ń dúró dè mí ni, torí ẹrù mi wúwo, ẹlòmíràn kò lè rù ú.

Ní kíláàsì wa, ìwé kan máa ń lọ láti ọwọ́ dé ọwọ́. Orí rẹ̀ ni oníkálukú máa ń kọ orúkọ àti nọ́ńbà rẹ̀ sí, láti fi hàn pé ó wá. Ẹni tí orúkọ rẹ̀ kò bá pọ̀ tó nínú ìwé náà, wọn kò ní jẹ́ kó ṣe ìdánwò. Nítorí náà, ọ̀rẹ́ máa ń kọ ti ọ̀rẹ́. Bí ẹnì kan bá sùn gbàgbé, tàbí tó lọ sílé, àwọn tó kù á kọ orúkọ rẹ̀. A kò kà á sí irọ́. A gbà pé ẹni tó bá fẹ́ràn ẹ ló máa kọ ẹ́ sílẹ̀. Èmi àti Bọ̀dá Ràfíù ti ṣe àdéhùn láti ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́: ẹni tí ìwé bá kọ́kọ́ dé ọwọ́ rẹ̀ yóò kọ ti àwa méjèèjì.

Màámi, ohun tí n kò sọ fún yín ni mo fẹ́ sọ báyìí.

Àìsàn Bọ̀dá Ràfíù kò bẹ̀rẹ̀ nílé. Ọjọ́bọ̀ ló dé bá yín, ó ti rù, ẹ sì rò pé ìrìn àjò ló mú un. Ọ̀sẹ̀ méjì gbáko ló ti fi wà lórí bẹ́ẹ̀dì níbí kó tó wá sílé. Ó ní ibà lásán ni, ó ń ra oògùn ní ṣọ́ọ̀bù, ó sì bẹ̀ mí kí n má sọ fún yín, torí ẹ máa wọkọ̀ lọ́jọ́ náà gan-an. Ohun tó ká a lára jù ni ìdánwò, kí wọ́n má bàa ní kò wá sí kíláàsì. Mo ní kó fọkàn balẹ̀. Ọ̀sẹ̀ méjèèjì yẹn, gbogbo ìgbà tí ìwé dé ọwọ́ mi, mo kọ orúkọ rẹ̀. Mo kọ ọ́ dáadáa, mo tilẹ̀ yí ọwọ́ ìkọ̀wé mi padà kó lè jọ tirẹ̀. Inú mi dùn pé mò ń ràn án lọ́wọ́. Nítorí náà, kò sí ẹni tó béèrè rẹ̀. Olórí kíláàsì kò béèrè, olùkọ́ kò béèrè. Lójú gbogbo wọn, Ràfíù ń wá sí kíláàsì. Èmi ni mo fi biro bò ó mọ́lẹ̀.

N kò mọ̀ bóyá ì bá yè ká ní wọ́n tètè béèrè. Ọlọ́run nìkan ló mọ̀. Ṣùgbọ́n mo mọ̀ pé wọn ì bá béèrè.

Nígbà tí mo padà wá lẹ́yìn fídáù, ìwé dé ọwọ́ mi ní kíláàsì àkọ́kọ́. Mo kọ orúkọ mi, mo sì fà á fún ẹni tó kàn. Ó ti dé ìlà kẹta kí n tó mọ̀ pé mo ti kọ ti Bọ̀dá Ràfíù sábẹ́ tèmi. Ọwọ́ mi ló kọ ọ́, kò bi mí. Ní ọ̀sẹ̀ kejì, mo mọ̀ọ́mọ̀ kọ ọ́. Bí mo bá fi orúkọ rẹ̀ sílẹ̀, ó dà bíi pé èmi ni mo máa kọ́kọ́ sọ pé kò sí mọ́. Mo ṣe bẹ́ẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ méje.

Olùkọ́ wa kan wà tí a ń pè ní Màmá Kẹ́mísírì. Dọ́kítà ni wọ́n, ti ìwé, kì í ṣe ti abẹ́rẹ́. Lọ́jọ́ kan, wọ́n ka orí wa, wọ́n ka ìwé, wọ́n ní orúkọ pọ̀ ju orí lọ. Wọ́n wá bẹ̀rẹ̀ sí í pe wá lọ́kọ̀ọ̀kan. Ọmọkùnrin kan dáhùn fún èèyàn mẹ́ta pẹ̀lú ohùn mẹ́ta. Màmá ní kó dìde, kó yan èyí tí ìyá rẹ̀ bí nínú wọn. Gbogbo kíláàsì ń rẹ́rìn-ín lọ́wọ́ nígbà tí wọ́n pe Akànmú Ràfíù.

Ẹ̀rín náà dá wáí. Báyọ̀, olórí kíláàsì wa, tẹjú mọ́lẹ̀. Màmá tún un pè. Mo dìde, mo ní ó ti kú, mà. Wọ́n béèrè ìgbà tó kú, mo sọ. Wọ́n wo ìwé ọ̀sẹ̀ yẹn, wọ́n wo tàwọn ọ̀sẹ̀ tó kọjá, wọ́n béèrè ẹni tó ń kọ ọ́. Mo ní èmi ni, ẹ̀gbọ́n mi ni.

Nínú ọ́fíìsì wọn, wọn kò pariwo mọ́ mi. Wọ́n béèrè ohun tó ṣe é, mo sì sọ ọ̀rọ̀ ọ̀sẹ̀ méjì yẹn, tí n kò tíì sọ fún ẹnikẹ́ni. Wọ́n wá ní àwọn rí orúkọ rẹ̀ nígbà náà, ọkàn àwọn sì balẹ̀. Wọ́n gbé biro fún mi, wọ́n ní kí n fagi lé e fúnra mi. Mo fà á, ìlà náà wọ́. Wọ́n ní láti ọjọ́ náà lọ, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ kọ orúkọ mi, ìlà kejì sì ni kí n máa jókòó sí, níbi tí ojú àwọn ti lè tó mi. Mo rò pé ìyà ni wọ́n fi jẹ mí.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ibà dá èmi náà dùbúlẹ̀. Kí ó tó di ìrọ̀lẹ́, Báyọ̀ àti ọmọbìnrin méjì láti kíláàsì wa ti béèrè ọ̀nà títí wọ́n fi dé ilé wa ní Òṣíẹ̀lẹ̀. Báyọ̀ ní Màmá Kẹ́mísírì kò jẹ́ kí àwọn sinmi, pé ta ló mọ ibi tí ọmọ ìlà kejì wà. Ó ní ajá mẹ́ta ló gbó òun kí òun tó débẹ̀, pé nígbà mìíràn kí n jọ̀wọ́ ṣàìsàn níbi tó sún mọ́ géètì. Ìyá Onílé ní ẹ̀yin ọmọ yunifásítì, ọsàn lẹ gbé wá fún ẹni tí ara rẹ̀ gbóná? Ìyá Onílé àti àwọn ọmọ náà ni wọ́n jọ mú mi lọ sí ilé ìwòsàn. Wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ mi wò, wọ́n fún mi lóògùn. Ara mi ti yá báyìí, Màámi. Mò ń sọ ọ́ fún yín nítorí pé n kò tún ní fi irú rẹ̀ pa mọ́ fún yín.

N kò ní purọ́ pé ibí rọrùn. Ọjọ́ mìíràn wà tí mo máa ń fẹ́ sá wá sílé. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá ní kí n kọ orúkọ fún wọn báyìí, mo máa ń kọ̀. Àwọn kan ti ń pè mí ní Ọlọ́pàá Ìwé. Lẹ́yìn kíláàsì, mo máa ń lọ sí yàrá ẹni tí kò wá, kí n kan ilẹ̀kùn, kí n béèrè bó ṣe jí. Àwọn mìíràn á máa sùn lọ́wọ́, wọ́n á sì bú mi.

Màámi, mo ṣẹ̀ yín. Mo tọrọ àforíjì. Bí kò bá tíì rọrùn fún yín láti fi jì mí, mo máa dúró.

Ọjọ́ Ẹtì la máa parí ìdánwò. Ẹ wá, ṣùgbọ́n ẹ sọ fún Bàbá Kàmórù kí wọ́n má tíì wá kó ẹrù. Ẹ wá bí àlejò, kí ẹ sùn sí yàrá mi, kí n mú yín lọ sọ́dọ̀ Màmá Kẹ́mísírì, kí ẹ béèrè mi lọ́wọ́ wọn. Lẹ́yìn náà, bí ẹ bá ṣì ní kí a máa lọ sílé, èmi fúnra mi ni màá di ẹrù náà, n kò sì ní jiyàn. Ṣùgbọ́n n kò fẹ́ kí ẹ rò pé mi ò mọ ohun tí mo fẹ́. Mo fẹ́ dúró. Ẹ jọ̀wọ́, kí ẹ fi ojú ara yín rí ibi tí mò ń jókòó sí kí ẹ tó sọ pé rárá.

Kí Ọlọ́run tẹ́ Bọ̀dá Ràfíù sí àlùjánnà, kí Ó fi sùúrù sí yín lọ́kàn, kí Ó jẹ́ kí ẹ pẹ́ fún àwa tó kù. Ẹ kí gbogbo ilé, ọmọdé àtàgbà. Ẹ kí ẹni tó bá béèrè mi, kí ẹ sì kí ẹni tí kò béèrè.

Èmi ni, ọmọ yín,
Sìdíkátù