Ajá Gba Abẹ́rẹ́, Ọmọ Ò Gbà

Olóòtú wa, mo kí yín tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dárúkọ mi.

Ọ̀gá òyìnbó wa níbi iṣẹ́ l'Oregun tó ń padà sílùú ẹ̀ fún mi lájá kékeré. Èmi àtọkọ mi gbé e lọ gba abẹ́rẹ́ dìgbòlugi. Dókítà ẹranko ní ká fún un lóògùn aràn, kó má sùn lórí ẹní ọmọ wa. Ó wá bi mí pé, "Ọmọ ńkọ́, ṣé ó ń gba abẹ́rẹ́ àjẹsára tiẹ̀?"

Mo ní, "Látìgbà tíṣẹ́ ti bọ́ lọ́wọ́ bàbá ẹ̀, òun ló ń gbé e lọ."

Ọkọ mi ń fọwọ́ ra ibi tí wọ́n ti gún ajá. Ó ní, "Mi ò gbé e lọ rí. Wọ́n ní abẹ́rẹ́ yẹn ń pa ọmọ."

Lọ́jọ́ kejì, mo gbé ọmọ lọ fúnra mi. Látìgbà náà, ọkọ mi ò bá mi sọ̀rọ̀.

Ẹ̀yin olùgbọ́, kí ni kí n ṣe?

Ìyá ọlọ́mọ kan, Dopemu.