Gílóòbù Kan Tó Kù ní Pálọ̀

Olóòtú wa lórí rédíò, ẹ kú iṣẹ́ o. Ìyàwó tuntun ni mí, l'Ágége. Kí n tó wọlé, ọkọ mi ti fi gílóòbù hálójìn, àwọn tí iná wọn máa ń pọ́n ràkọ̀ràkọ̀, tanná síbi gbogbo dè mí. Àmọ́ wọ́n ń jẹ káàdì iná jù, ni mo bá fi LED funfun pààrọ̀ wọn.

Ó ní, "Ìyàwó mi, ṣé ọsibítù la kó wá ni?"

Mo dá ẹyọ kan nínú hálójìn rẹ̀ padà sí pálọ̀ fún un. Owó iná tó ń ṣẹ́kù, aṣọ ọmọ ni mo fi ń rà. Ojú ń tì mí láti sọ fún un pé mo ti lóyún. Ó máa ń gbọ́ yín níbi iṣẹ́. Ṣé ẹ lè bá mi sọ ọ́? Ẹ má dárúkọ mi o, á dá gílóòbù ẹ̀ mọ̀.