Ilé Irinṣẹ́ Tí Bàbá Sùn Sí

Àbúrò mi àtàtà,

O kú ọwọ́ lómi. Mo kí ọkọ rẹ, mo sì kí ìkókó wa tí kì í jẹ́ kẹ́ ẹ sùn. Ara Màmá le, orúnkún tó ń dà á láàmú ti fúyẹ́.

Bàbá náà ti ń gbádùn. O mọ̀ pé látìgbà tí àìsàn ti dá iṣẹ́ káfíńtà rẹ̀ dúró, kì í rí oorun sùn. Ìjì wá ṣí òrùlé ilé irinṣẹ́ rẹ̀ sọ sí àgbàlá aládùúgbò, ni Bàbá bá ní àfi ká ra ilé irinṣẹ́ tuntun, irú èyí tí wọ́n ti kàn tán tó ṣeé gbé. Nígbà tá a dé ọ̀dọ̀ ẹni tó ń tà á, Bàbá wọ inú ti rọ́bà, ó fi èjìká tì í. Ó ní, "Èyí á bá ìjì lọ láì dágbére." Ó wọ ti páànù, ó ní ká da omi lé e. Fìlà rẹ̀ rin gbingbin. Ó wá wọ ti pákó tó nípọn. A da omi títí, a ò gbọ́ ohùn rẹ̀. Mo ṣílẹ̀kùn, Bàbá ti sùn lọ, ó ń hanrun.

Èyí la gbé wálé.

Ọ̀rọ̀ tí mo tìtorí ẹ̀ kọ̀wé rèé: Bàbá ti tún padà gbé òòlù. Ibùsùn ọmọ rẹ ló ń kàn níbẹ̀, kò fẹ́ kí òjò bà á jẹ́. Ó ní n kò gbọdọ̀ sọ, kí n kàn béèrè bí ọmọ ṣe gùn tó, kí n ní aṣọ ni mo fẹ́ rán fún un.

Ọlọ́run á jẹ́ ká fojú kan ara wa láyọ̀. Jọ̀ọ́, wọ̀n ọmọ náà, kó o sì ṣe bí ẹni pé mo mọ abẹ́rẹ́ dì mú.

Èmi ẹ̀gbọ́n rẹ obìnrin