Ìrẹsì Kò Tíì Jinná

Abúlé Nong Kham,
Ọ̀sẹ̀ kejì ìkórè.

Orathai, ọmọ mi ọ̀wọ́n,

Mo kí ọ tayọ̀tayọ̀. Ṣé ara le, ṣé iṣẹ́ aṣọ rírán ń lọ déédéé? Èmi wà dáadáa. Orúnkún mi nìkan ló ń bá mi jiyàn tí mo bá fẹ́ wọ oko ìrẹsì.

Wọ́n mú mi lọ sí Bangkok o. Ṣé o rántí Dókítà Wilasini, ọmọbìnrin tẹ́ẹ́rẹ́ tó máa ń wá gba ẹ̀jẹ̀ wa? Ó ti ṣe ohun tí a fi lè tètè mọ ibà ìtọ̀ eku, ibà tó pa bàbá rẹ. O mọ̀ pé ọjọ́ kẹjọ ni èsì àyẹ̀wò bàbá rẹ tó dé láti ìlú, a sì ti sun òkú rẹ̀. Ìjọba ní owó tí wọ́n fi ń ran ìwádìí ìlera lọ́wọ́, ṣùgbọ́n ìgbìmọ̀ kan ló ń yan ẹni tó máa rí i gbà. Bí wọn ò bá yan Wilasini, iṣẹ́ náà parí nìyẹn. Ó ní kí n bá òun lọ, kí wọ́n lè rí àgbẹ̀ tó ti ṣe àyẹ̀wò náà.

Alága wọn jẹ́ bàbá arúgbó kan, olùkọ́ tó kọ́ àwọn olùkọ́ Wilasini. Àyẹ̀wò àtijọ́ ló wà lọ́kàn rẹ̀, ó sì ṣi ìwé tí Wilasini kọ kà, ló bá ní, "Bí èsì bá máa gba ọjọ́ mẹ́ta, kí la fẹ́ fi ṣe?" Mo wo Wilasini pé kó sọ̀rọ̀. Ó pa ọwọ́ méjèèjì pọ̀, ó tẹrí ba, ó rẹ́rìn-ín músẹ́. O ṣáà mọ̀ wá: ta ló máa sọ fún àgbà lójú àwọn tó kọ́ níwèé pé ó ṣì í kà? Bàbá ti ń pa ìwé náà dé. Inú bí mi, nítorí mo rántí ọjọ́ kẹjọ yẹn.

Mo tẹrí ba tèmi náà, mo ní, "Bàbá, ẹ má bínú o. Mo ti gbé ìrẹsì kaná kí wọ́n tó gba ẹ̀jẹ̀ mi. Ìrẹsì ò tíì jinná tí wọ́n fi sọ èsì fún mi."

Wilasini ń wo bàtà rẹ̀. Bàbá wò mí títí, ó ní, "Ìrẹsì wo? Èyí tó ń lẹ̀ ni, àbí èyí tó ń tú?"

Mo ní èyí tó ń lẹ̀ ni, tí mo rẹ mọ́jú.

"Ìyẹn kì í pẹ́ jinná o," ló wí, ó sì ṣí ìwé náà padà. Nígbà tó kà á tán, ó bú sẹ́rìn-ín, àwọn yòókù sì bá a rín in. Ó ní kí Wilasini máa sọ fún òun bí òun bá tún ṣi nǹkan kà. Wilasini tún tẹrí ba, ó tún rẹ́rìn-ín músẹ́. Ọmọ yẹn ò lè yí padà.

Wọ́n yàn án, owó ọdún mẹ́ta gbáko ni wọ́n fún un.

Lánàá, ibà dá Khamphon dúbúlẹ̀, ọ̀rẹ́ bàbá rẹ tí wọ́n jọ máa ń mú àkùkọ lọ jà. Nọ́ọ̀sì gba ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ nídìí ààrò mi, mo sì gbé ìrẹsì kaná. Kí ó tó jinná, Khamphon ti gbé oògùn mì. Ó jẹ nínú ìrẹsì náà, ó ní ata ọbẹ̀ mi ò tó. Mo sunkún díẹ̀, mo sì tún bu òmíràn fún un.

Ibi tí o bá fi ẹsẹ̀ tẹ̀ á rọ̀ ọ́ lọ́rùn. Oúnjẹ kò ní wọ́n ọ, àìsàn kò ní mọ ilé rẹ.

Èmi ni ìyá tó bí ọ,
Bunruean.

Mo tún rántí: mo jẹ́jẹ̀ẹ́ ọgọ́rùn-ún ẹyin sísè fún ojúbọ ẹnu ọ̀nà abúlé bí wọ́n bá yan Wilasini. Tètè wálé wá bá wa jẹ ẹ́. Àwọn adìyẹ mi ò tíì dárí jì mí.