Ibi Tí Ẹ Sin Dámiláre Sí

Òkòkòmáìkò,
Èkó.

Ẹ̀gbọ́n mi ọ̀wọ́n, Bàbá Fọláyẹmí,

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Mo gbàdúrà pé kí ìwé yìí bá yín nínú àlàáfíà, kí ẹsẹ̀ tó ń dùn yín sì ti fúyẹ́. Ní tèmi, ara ò ni mí, ọkàn ni ò sí ńlẹ̀.

Mo ti lọ síbi tí ẹ ní n kò gbọdọ̀ dé. Ẹ má bínú. Àwọn ọ̀dọ́ ìjọ wa ló ṣètò pé ká fẹsẹ̀ rìn létí òkun dé ilé iná àtijọ́, ilé gogoro tó ń fọ̀nà han ọkọ̀ òkun láyé ọjọ́sí. Bí mo ṣe gbọ́ ọ, mo rántí ọ̀rọ̀ tó já bọ́ lẹ́nu yín níjelòó: pé nígbà tí omi gbé Dámiláre ọmọ mi, abẹ́ àgbọn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé iná yẹn ni ẹ sin ín sí, torí pé etí omi ni wọ́n ń sin ẹni tí omi bá gbé.

Òbí kì í mọ ojú oórì ọmọ, mo mọ̀. Ẹ ti sọ ọ́ títí. Ṣùgbọ́n ọmọ kan ṣoṣo ni mo bí. Mo kàn fẹ́ jókòó tì í, kí n pe orúkọ rẹ̀.

A wọ ọkọ̀ ojú omi ní Òjó, a sọ̀dá, a bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ iyanrìn. Ẹ mọ̀ mí, èmi tí mo máa ń ráhùn kí n tó rìn dé ibùdókọ̀. Lọ́jọ́ yẹn, iwájú ni mo wà. Àwọn ọmọ náà ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ pé, "Mọ́mì, ẹ rọra o, ilé iná ò ní sá lọ."

Nígbà tí a débẹ̀, n kò rí àgbọn kankan. Mo bi Ìdrís, ọmọ etíkun tó ń mú wa rìn. Kò mọ̀ mí rí. Ó nawọ́ sáàárín omi, níbi tí ìgbì ti ń fọ́.

"Ọ̀hún ni wọ́n wà tẹ́lẹ̀, Mọ́mì. Òkun ti jẹ gbogbo ẹ̀. Wọ́n tiẹ̀ sin ọmọkùnrin kan síbẹ̀."

N kò sọ pé èmi ni mo bí i. Mo tẹ̀ lé wọn gun òkè ilé iná. Wọ́n ń ya fọ́tò, wọ́n ń yin Ọlọ́run fún ẹwà òkun. Wọ́n ní kí n rẹ́rìn-ín, mo rẹ́rìn-ín. Omi náà lọ salalu, n kò sì mọ apá ibi tí mo máa kọjú sí pe ọmọ mi.

Ẹ̀gbọ́n mi, omi gbé e, ẹ gbà á padà, omi tún wá mú un. Ẹ̀bi yín kọ́. Mo ṣì ń wọ sùtánà lọ sí ìjọ, ṣùgbọ́n ẹnu mi kàn ń mì ni. N kò ní àdúrà kankan nínú mọ́.

Kí Ọlọ́run dá àwọn ọmọ yín sí. Kí àwọn ló máa sin yín lọ́jọ́ alẹ́.

Èmi ni àbúrò yín tòótọ́,
Ọmọ́yẹni.

Mo tún rántí: ẹ bá mi sọ fún ìyàwó wa Bọ́sẹ̀ kó má fi ẹja òkun ránṣẹ́ sí mi mọ́. Ìfẹ́ ni, mo mọ̀. Èyí tó fi ránṣẹ́ kẹ́yìn ṣì wà nílẹ̀. N kò lè jẹ ẹ́, n kò sì lè dà á nù.